Ìdí tí owó ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kì í fi í tó ná

Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gbé àbá ètò ìṣúná ọdún 2026 lọ bá àwọn aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá. Ìnáwó inú rẹ̀ jẹ́ ₦58.18 tírílíọ̀nù. Owó tí ìjọba ní òun máa rí kó jọ jẹ́ ₦34.33 tírílíọ̀nù. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ₦23.85 tírílíọ̀nù ló kù tí kò sí lápò ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ₦100 tí wọ́n fẹ́ ná, bíi ₦41 ni wọ́n ṣì máa wá káàkiri, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, yíyá ni wọ́n máa yá a.

Àlàfo yìí, tí àwọn onímọ̀ ìṣúná ń pè ní dẹ́físíìtì, kì í ṣe àlejò. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé lọ́dún 1999, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọdún tí ìnáwó ìjọba àpapọ̀ kò ju owó tó wọlé fún un lọ. Ohun tó yí padà ni bó ṣe tóbi tó. Ti ọdún 2023 jẹ́ ₦11.34 tírílíọ̀nù, àbá ti ọdún 2025 jẹ́ ₦13.08 tírílíọ̀nù, ti 2026 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn.

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ohun tó fà á, mẹ́sàn-án á ní olè jíjà ni. Olè wà, ìná-àpà náà sì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ kó gbogbo olè ìjọba tì mọ́lé lọ́la, àlàfo náà ò ní dí. Ìdí ni pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó tí wọ́n ní ó máa wọlé. Owó tí kò ní wọlé ni wọ́n ń pín. Ìnáwó tí wọ́n sì ti pín in fún kò ṣeé gbà padà mọ́.

Ṣé lóòótọ́ ni ìnáwó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo iye ètò ìṣúná láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Lọ́dún 2015, ₦4.49 tírílíọ̀nù ni. Lọ́dún 2019, ó di ₦8.92 tírílíọ̀nù. Lọ́dún 2023, ó di ₦21.83 tírílíọ̀nù. Èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025 jẹ́ ₦54.99 tírílíọ̀nù. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó lọ́po ní ìlọ́po méjìlá.

Ẹ wá fi dọ́là wọ̀n ọ́n, kí ẹ lo iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ sínú ètò ìṣúná ọdún kọ̀ọ̀kan. ₦190 sí dọ́là kan ni wọ́n fi ṣírò ti 2015, tó fi jẹ́ pé ₦4.49 tírílíọ̀nù jẹ́ bíi $23.6 bílíọ̀nù. ₦435.57 ni wọ́n fi ṣe ti 2023, ìyẹn bíi $50 bílíọ̀nù (ẹni tó bá ra dọ́là lọ́wọ́ àwọn Mọ́là lọ́dún náà mọ̀ pé ₦435 yẹn, orí ìwé ló wà). ₦1,500 ni wọ́n fi ṣe ti 2025, ó sì di bíi $36.7 bílíọ̀nù. Nítorí náà, nínú ìlọ́po méjìlá tí à ń wí yìí, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ pé náírà ló fúyẹ́.

Bí a bá pín ₦54.99 tírílíọ̀nù fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 220 èèyàn, ₦250,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún odindi ọdún kan. Inú ₦250,000 yẹn ni owó ológun, ọlọ́pàá, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, ọ̀nà márosẹ̀, owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti gbèsè wà. Ìjọba tó ń ná iye yìí kì í ṣe ìjọba tó ń náwó bí ẹní fọ́n yangan sílẹ̀ fún adìyẹ. Ohun tó ń wọlé fún un ló kéré ju ìjọba lọ.

Èyí kò sọ pé ìnáwó kò ga sókè rárá. Àwọn àgbà tó rántí owó Údòjì lọ́dún 1975 mọ bó ṣe máa ń rí: epo rọ̀bì wọ́n lọ́jà àgbáyé, ìjọba fi kún owó oṣù, ó dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri. Nígbà tí epo já lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí Alhaji Shehu Shagari sì kéde fífún ìgbànú le lọ́dún 1982, àwọn iléeṣẹ́ yẹn ṣì wà ńlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń gba owó oṣù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí di òní. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦18,000 sí ₦30,000 lọ́dún 2019, ó tún di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ₦70,000 pọ̀ jù fún òṣìṣẹ́ tó ń ra ìrẹsì lónìí. Ṣùgbọ́n ìnáwó tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láéláé ni, bí epo bá já ó, bí kò já ó.

Iye iléeṣẹ́ ìjọba náà ń kó bá a. Ìgbìmọ̀ tí Stephen Oronsaye darí jábọ̀ lọ́dún 2012 pé iléeṣẹ́, àjọ àti ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 541, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n dín àwọn tí òfin dá sílẹ̀ kù láti 263 sí 161. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìjọba tó wà níbẹ̀ báyìí ní òun máa lo àbọ̀ náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá iléeṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àjọ ìdàgbàsókè ẹkùn tún ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù tiwa níbí. Inú wa dùn pé tiwa náà dé. Àmọ́ àjọ kọ̀ọ̀kan ní alága, ọmọ ìgbìmọ̀, ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti owó oṣù tirẹ̀ kó tó gbé ọkọ́ kan bọ ilẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ dúró lé

Òfin tó ń darí ìnáwó ìjọba, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007, ní kí ìjọba fi ètò ọlọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní MTEF ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, ó pẹ́ tán oṣù mẹ́rin kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́ta wà tí gbogbo ìyókù gùn lé: àgbá epo mélòó ni a ó máa wà lójúmọ́, èló ni wọ́n máa ra àgbá kan, náírà mélòó ni dọ́là kan.

Fún ọdún 2025, àgbá mílíọ̀nù 2.06 lójúmọ́, $75 fún àgbá kan àti ₦1,500 sí dọ́là ni wọ́n kọ. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: $154.5 mílíọ̀nù lójúmọ́. Ní ti òótọ́, epo tí Nàìjíríà wà kò dé mílíọ̀nù 2 lójúmọ́ ní oṣù kankan lọ́dún náà, iye àgbá epo sì wà nísàlẹ̀ $75 ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oṣù rẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 1.6 la wà, tí wọ́n sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní $68. $108.8 mílíọ̀nù nìyẹn lójúmọ́. Ohun tó dín jẹ́ $45.7 mílíọ̀nù lójúmọ́ kan, ó lé ní $16 bílíọ̀nù lọ́dún, bíi ₦25 tírílíọ̀nù tí a bá fi ₦1,500 ṣẹ́ ẹ.

Kì í ṣe gbogbo owó yẹn ni ti ìjọba o. Owó ìwakùsà máa kúrò níbẹ̀, ìpín àwọn iléeṣẹ́ epo máa kúrò, ìpín 13% fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde máa kúrò. Ohun tó bá dé àpò àjọni ni wọ́n ń pín lóṣooṣù: 52.68% fún ìjọba àpapọ̀, 26.72% fún àwọn ìpínlẹ̀, 20.60% fún ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, bí iye tó wà lókè bá dín, ìpín gbogbo wọn ló máa dín.

Nọ́ńbà kẹta máa ń tan èèyàn jẹ. Bí náírà bá lágbára díẹ̀, inú aráàlú á dùn, àmọ́ owó epo tí ìjọba ń kà ní náírà á dínkù. ₦1,400 ni wọ́n fi ṣírò ti ọdún 2026, pẹ̀lú $64.85 fún àgbá kan àti àgbá mílíọ̀nù 1.84 lójúmọ́. Wọ́n rẹ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí a gbóríyìn fún wọn níbẹ̀. Ìnáwó ni wọn kò rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àlàfo fi fò láti ₦13.08 tírílíọ̀nù sí ₦23.85 tírílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: èyí tí wọ́n ń fi pa mọ́ sábẹ́ nọ́ńbà epo tẹ́lẹ̀ ló jáde síta.

Lẹ́yìn MTEF, ọ́fíìsì ètò ìṣúná máa kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba, á sì sọ iye tí oníkálukú kò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n á kó ohun tí wọ́n fẹ́ ná sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ á gbà á wọlé, Ààrẹ á gbé e lọ fún àwọn aṣòfin, àwọn ìgbìmọ̀ ilé méjèèjì á sì pe iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ṣàlàyé. Ibí yìí ni ìnáwó ti máa ń wú. Ti ọdún 2025 wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ₦49.7 tírílíọ̀nù. Ní oṣù Kejì, Ààrẹ kọ̀wé pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àtàwọn iléeṣẹ́ mìíràn máa pa owó tó lé ní ₦4 tírílíọ̀nù kún èyí tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní àlàfo ₦13 tírílíọ̀nù nílẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé ₦4 tírílíọ̀nù ń bọ̀, ibi tó yẹ kó kọjú sí hàn gbangba. Ìnáwó tuntun ni wọ́n to lé e. Nígbà tí àwọn aṣòfin parí tiwọn, ó ti di ₦54.99 tírílíọ̀nù. BudgIT, àjọ tó ń tọpinpin ìnáwó ìjọba, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní iṣẹ́ àkànṣe 11,122, tí owó wọn jẹ́ ₦6.93 tírílíọ̀nù, ni àwọn aṣòfin kì bọ̀ ọ́.

Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kò yàtọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ₦28.78 tírílíọ̀nù ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n fi ₦6.2 tírílíọ̀nù lé e, pẹ̀lú èrò pé owó orí tí wọ́n máa gbà lórí èrè òjijì tí àwọn báńkì jẹ nígbà tí náírà já máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́dọọdún lé.

Nígbà tí owó kò bá dé, ta ló ń ru ẹrù rẹ̀?

Gbogbo ìnáwó kọ́ ló dọ́gba níwájú akápò ìjọba. Nínú ₦54.99 tírílíọ̀nù ti 2025, ₦14.32 tírílíọ̀nù jẹ́ ti sísan gbèsè àti èlé, ₦3.65 tírílíọ̀nù jẹ́ ti àwọn tí òfin ní kí wọ́n fún tààrà (àwọn adájọ́, àwọn aṣòfin, àjọ elétò ìdìbò àti irú wọn), ₦13.06 tírílíọ̀nù jẹ́ ti owó oṣù àti ìṣàkóso ojoojúmọ́, ₦23.96 tírílíọ̀nù sì jẹ́ ti iṣẹ́ àkànṣe. Gbèsè ni wọ́n ń kọ́kọ́ san. Ẹni tí kò bá san án, kò ní rí ẹni yá a mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. ₦39 bílíọ̀nù lójúmọ́ ni ₦14.32 tírílíọ̀nù, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún wà níbẹ̀. Owó oṣù ló tẹ̀ lé e, nítorí pé bí oṣù bá parí tí kò sí owó, ìyanṣẹ́lódì ni. Iṣẹ́ àkànṣe ló máa ń gba ìyókù, bí ìyókù bá wà.

Ẹ má gbàgbọ́ tiwa, ẹ gbọ́ ti Ààrẹ fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn aṣòfin sọ lóṣù Kejìlá ọdún 2025, ó ní owó tó wọlé títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án jẹ́ ₦18.6 tírílíọ̀nù, ìyẹn 61% nínú ohun tí wọ́n fojú sọ́nà fún. Iṣẹ́ àkànṣe ọdún 2025 ńkọ́? 17.7% péré ni wọ́n tíì fún wọn. Ìdí ni pé wọ́n ṣì ń san ti ọdún 2024 lọ́wọ́. Wọ́n sún ọjọ́ ìparí iṣẹ́ àkànṣe 2024 sí oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún sún un sí oṣù Kejìlá. Ètò ìṣúná ọdún méjì ń rìn pọ̀ lórí owó ọdún kan.

Ohun tí èyí ń ṣe fún ọ̀nà kan ṣoṣo nìyí. Agbaṣẹ́ṣe gba iṣẹ́, ó gba owó ìbẹ̀rẹ̀, ó kó katapílà dé, ó sì da ilẹ̀ rú. Nígbà tó bá ṣe dé ibì kan, onímọ̀ ẹ̀rọ ìjọba á wá wọn iṣẹ́, á sì kọ sàtífíkéètì pé iye báyìí ló tọ́ sí i. Sàtífíkéètì náà á dé Àbújá, á sì jókòó síbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó yá owó báńkì ní 30% èlé kò lè máa san èlé kó tún máa ra ọ̀dà, nítorí náà á kó ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò. Òjò á gbá ilẹ̀ tó ti tẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, nígbà tí owó bá dé, ọ̀dà ti gbówó lórí, á sì kọ̀wé pé kí wọ́n tún iye iṣẹ́ náà ṣírò. Ọ̀nà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ₦10 bílíọ̀nù á di ₦17 bílíọ̀nù láìfi mítà kan kún un. Afikún yẹn ló máa wọ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó tuntun. Lọ́dún 2025, àwọn agbaṣẹ́ṣe ìbílẹ̀ lọ fi ẹ̀hónú hàn lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìnáwó l'Ábújá nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tí wọn kò rí owó rẹ̀ gbà.

Ibi tí wọ́n ti ń yá owó

DMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè, ló ń yá èyí tó pọ̀ jù. Ó ń ta Treasury Bills, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ 91, 182 àti 364; ó ń ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́dún púpọ̀; ó ń ta bọ́ǹdì àwọn mẹ̀kúnnù tí ẹni tó ní ₦5,000 lè rà; ó ń ta súkúùkù, ti ìlànà Ìsìláàmù tí kò ní èlé nínú, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà. Àkọ́kọ́ súkúùkù náà, ₦100 bílíọ̀nù lọ́dún 2017, wà lára ohun tí wọ́n ná sórí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lókè òkun, Eurobond, ìyẹn bọ́ǹdì tí wọ́n ń fi dọ́là tà, ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé.

Ẹ wo bí Treasury Bills ṣe ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni èlé ti máa ń fara pamọ́. Iye tí wọ́n máa dá padà ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ẹni tó rà á ń san iye tó dín. Bí wọ́n bá ta ti ₦1,000,000 ọlọ́jọ́ 364 ní 20%, ẹni tó rà á máa san ₦800,548, á sì gba ₦1,000,000 nígbà tó bá tó àsìkò. Nítorí pé ₦800,548 ló yọ lápò, èrè ₦199,452 yẹn kì í ṣe 20%, bíi 24.9% ni. Lọ́dún 2024, èlé àwọn ìwé yìí kọjá 20% nígbà mìíràn. Ọ̀gá báńkì tó lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó gba iye yẹn lọ́wọ́ ìjọba, láìní ìdíwọ́ kankan, kí ló máa mú un yá ìyá oníṣòwò tó ń ta aṣọ ní Gbági lówó? Bó bá tilẹ̀ fẹ́ yá a, èlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ìjọba lọ dáadáa. Bí àlàfo Àbújá ṣe ń dé inú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni ti Báńkì Àpapọ̀. Òfin báńkì náà tọdún 2007 gbà kó yá ìjọba lówó fún ìgbà díẹ̀, kí gbèsè yẹn má sì ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú lọ, kí wọ́n sì san án kí ọdún tó parí. Nígbà tó máa di ọdún 2023, ó ti lé ní ₦22 tírílíọ̀nù. Wọn kò san án lópin ọdún bí òfin ṣe wí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, bí ìjọba Muhammadu Buhari ṣe ń palẹ̀ mọ́, àwọn aṣòfin gbà kí wọ́n sọ ₦22.7 tírílíọ̀nù di gbèsè ọlọ́dún 40 pẹ̀lú 9% èlé. Owó tí báńkì dá sílẹ̀ láìsí ọjà tó bá a dọ́gba ti wọ ìgboro ṣáájú ìgbà yẹn, ó sì wà lára ohun tó ti ọ̀wọ́n gógó dé 34.80% lóṣù Kejìlá ọdún 2024, pẹ̀lú yíyọ ìrànwọ́ epo àti jíjá náírà. Láti pa iná yẹn ni báńkì náà fi gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.50% ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Èlé yẹn ló tún mú gbèsè tuntun ìjọba gbówó lórí.

Bí gbèsè ṣe ga tó

Lọ́dún 2005 àti 2006, nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ Ààrẹ, tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà ìnáwó, Nàìjíríà san bíi $12 bílíọ̀nù fún Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó, wọ́n sì fi bíi $18 bílíọ̀nù jì í. Ojú ìwé gbèsè mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, gbogbo gbèsè ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jẹ́ bíi ₦12 tírílíọ̀nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó jẹ́ ₦49.85 tírílíọ̀nù. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ó di ₦87.38 tírílíọ̀nù. Èyí kì í ṣe pé ẹnì kan yá ₦37 tírílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́ta: gbèsè Báńkì Àpapọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sínú ìwé, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà. Gbèsè $1 bílíọ̀nù tó jẹ́ ₦460 bílíọ̀nù tẹ́lẹ̀ di ₦1.5 tírílíọ̀nù nígbà tí dọ́là dé ₦1,500, láìjẹ́ pé wọ́n fi sẹ́ǹtì kan kún un. Nígbà tó máa di oṣù Kẹfà ọdún 2025, gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ ₦152.40 tírílíọ̀nù.

Àwọn kan máa ń sọ pé Amẹ́ríkà náà ń jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni. Àlàfo wọn lọ́dún ìṣúná 2024 jẹ́ bíi $1.8 tírílíọ̀nù, owó èlé wọn sì ti ju owó ológun wọn lọ. Àmọ́ dọ́là tiwọn ni wọ́n fi jẹ ẹ́, gbogbo ayé ló ń fẹ́ ra ìwé gbèsè wọn ní nǹkan bíi 4%, èlé náà sì jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn. Nínú àbá 2026 tiwa, gbèsè àti èlé jẹ́ ₦15.52 tírílíọ̀nù lórí owó tó ń wọlé tí wọ́n rò pé ó máa jẹ́ ₦34.33 tírílíọ̀nù, ìyẹn 45%. Bí owó tó wọlé bá tún dín, bó ṣe máa ń dín, ìdá náà á ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n yìí ló yẹ kí èèyàn máa wò, kì í ṣe gbèsè lórí GDP, ìyẹn iye gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún kan. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ ìṣirò tún GDP wọ̀n, ti ọdún 2024 sì di ₦372.8 tírílíọ̀nù. Ní ọjọ́ kan, gbèsè wa “kéré sí i” lórí ìwé. Kò sí ayánilówó kankan tó torí ẹ̀ dín kọ́bọ̀ kù.

Òfin wà, ihò wà nínú rẹ̀

Òfin ìnáwó ìjọba tọdún 2007, èyí tó ní kí wọ́n máa ṣe MTEF, ní kí àlàfo má ju 3% GDP lọ. Ti ọdún 2023 jẹ́ 5.03%, àbá 2025 jẹ́ 3.89%, ti 2026 jẹ́ 4.28%. Ṣé wọ́n rú òfin? Lórí ìwé, rárá. Òfin náà gbà kí àwọn aṣòfin yan ìwọ̀n mìíràn tí wọ́n bá rí i pé ó ṣeé gbé, ó sì gbà kí Ààrẹ kọjá a bó bá rí ewu sí ààbò orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú Boko Haram àti àwọn ajínigbé, ìgbà wo ni ewu kò sí? Ó tún ní iṣẹ́ àkànṣe àti ìdàgbàsókè ọmọ èèyàn nìkan ni kí wọ́n máa yáwó fún. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ àkànṣe rí 17.7% gbà, tí gbèsè àti owó oṣù sì ń lọ déédéé, ohun tí wọ́n ń fi owó yíyá ṣe kò fara sin. Àjọ tó ń ṣọ́ òfin náà kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè kọ̀wé sí mínísítà ètò ìdájọ́ nìkan.

Níti owó tó ń wọlé, òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. VAT, ìyẹn owó orí lórí ọjà, dúró sí 7.5%, ẹni tí owó rẹ̀ kò kọjá ₦800,000 lọ́dún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí: ìpín ìjọba àpapọ̀ nínú VAT wálẹ̀ láti 15% sí 10%, ti àwọn ìpínlẹ̀ sì gòkè láti 50% sí 55%. Ó dára fún àwọn gómìnà wa. Kò dí àlàfo Àbújá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọdún kan ṣe ń lọ lè fi ìwé méjì wé ara wọn: ètò ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ìròyìn ìmúṣẹ tí ọ́fíìsì ètò ìṣúná ń gbé jáde ní ìdámẹ́rin ọdún kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kí ẹ má retí rẹ̀ lásìkò. Ìlà mẹ́ta ló tó. Ẹ wo àgbá epo tí wọ́n wà lójúmọ́ ní ti gidi. Ẹ wo owó tó wọlé ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n retí. Ẹ wo owó tí wọ́n fún iṣẹ́ àkànṣe, kí ẹ sì béèrè ti ọdún wo ni, nítorí pé ìjọba ní 70% iṣẹ́ àkànṣe ọdún 2025 ni òun máa gbé wọ inú ti 2026.